Ọdún Tí Reluwé Àlìkámà Yẹ̀ Lójú Irin

Gbogbo èèyàn ló ń sọ fún mi pé kí n gbàgbé ẹ̀. Ọkọ mi ń sọ ọ́, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mọ́ṣáláṣí ń sọ ọ́, Bàámi gan-an tí wọ́n rẹ́ jẹ ti sọ ọ́ títí ó fi sú wọn. Wọ́n ní ohun tó ti kọjá ti kọjá. Kọjá lọ síbo? Cranston, ní Calgary ní Kánádà, ni mò ń gbé báyìí, ilé mi ò jìnnà sí hospital tí Màámi ti ṣiṣẹ́ títí ẹ̀yìn fi ń dùn wọ́n, Bàámi àti Màámi sì ń gbé lọ́dọ̀ mi, síbẹ̀ tí ẹ bá ní kí n fi ìka kan ibi tí kápẹ́ẹ̀tì ti họ mí lórúnkún lọ́jọ́ náà, màá fi kàn án fún yín láì wolẹ̀. Kò sí àpá níbẹ̀ o. Mo kàn mọ ibẹ̀ ni. Torí náà ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́, tí mo bá sì bínú ju díẹ̀ lọ, ẹ bá mi fara dà á.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́dún yẹn. Inú basement kan, yàrá abẹ́ ilé onílé, ní Copperfield là ń gbé, àwa mẹ́rin: Bàámi, Màámi, èmi, àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàámi, tí wọ́n gba ìwé àbẹ̀wò wá láti Òṣogbo kí wọ́n lè máa mójú tó mi nígbà tí Màámi bá lọ shift. Ilé yẹn ò dákẹ́ rí. Àwọn tó ń gbé lókè ń rìn gìrìgìrì lórí wa, furnace tó ń mú ilé gbóná ń mí hòò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná, tẹ̀sùbáà Ìyá Àgbà ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ láti ìdájí. Bàámi wá fi tiwọn kún un. Kò sí páìpù kan nínú basement náà tí wọn ò fi ẹ̀yìn ṣíbí gbá. Wọ́n á gbá a, wọ́n á dẹ etí sí i, wọ́n á ní, "Èyí le," tàbí, "Èyí ti fẹ́ sán." Iṣẹ́ ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Nílé, ojú irin ni wọ́n máa ń rìn láti Òṣogbo lọ sápá Ọ̀fà, hámà lọ́wọ́, wọ́n á máa gbá irin, wọ́n á máa fetí wá èyí tó ti sán. "Irin kì í parọ́, Ráfátù," ni wọ́n máa ń sọ fún mi. "Tó bá ti sán, ohùn rẹ̀ á yàtọ̀." Ìyá Àgbà á ké láti yàrá: "Ta ló tún ń na páìpù onípáìpù yẹn? Ṣé ẹ fẹ́ kí onílé kó ẹrù wa síta sínú snow ni?"

Ojú irin náà ló gbé wa dé Calgary. Kì í ṣe ti reluwé ńlá tó ń gba ẹ̀gbẹ́ downtown kọjá, èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Reluwé kékeré kan ni, ìrìn wákàtí kan àbọ̀ sí ìlà oòrùn ìlú, tó ń kó àlìkámà àwọn àgbẹ̀ láti abúlé dé abúlé lọ fún reluwé ńlá ní ìkóríta, kí ìyẹn tó gbé e lọ sí etíkun. Bàámi máa ń pa ìtàn rẹ̀ fún wa tí a bá ń jẹun. Wọ́n ní reluwé ńlá ló la ojú irin yẹn láyé àtijọ́, tó sọ fún àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n wá kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní èrè ibẹ̀ kéré, ó kó ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, ó ń bọ̀ wá tú irin. Àwọn àgbẹ̀ ló ní àwọn ò gbà. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n rà á, wọ́n wá ẹ́ńjìnnì àlòkù méjì, èèyàn bíi mẹ́jọ ló sì ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Ẹni tó wa reluwé lónìí, òun ló máa gé koríko lọ́la. Tí ọkà ò bá sí, wọ́n á jẹ́ kí àwọn iléeṣẹ́ mìíràn wá háyà ojú irin kí wọ́n fi tọ́jú wágọ́ọ̀nù òfìfo. Eré tí reluwé náà ń sá, kẹ̀kẹ́ ológeere lè bá a. Bàámi sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ òrukàn tí wọ́n gbà tọ́. Ìyá Àgbà á wò wọ́n títí, wọ́n á ní, "Reluwé tó ń kú lo fi sílẹ̀ lÓṣogbo, òmíràn tó ń kú lo tún wá bá ní Kánádà. Ta ló fi ọ́ ṣe dókítà wọn?"

Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìwé tí Bàámi fi ń ṣiṣẹ́ ò gbà wọ́n láyè níbòmíràn àfi lọ́dọ̀ reluwé yẹn nìkan. Iléeṣẹ́ náà ló kọ lẹ́tà sí ìjọba pé àwọn nílò wọn, lẹ́tà yẹn sì ni gbogbo ìwé PR wa, ìwé tí wọ́n fi ń gbé Kánádà títí lọ, dúró lé. Tí iṣẹ́ bá lọ, PR lọ nìyẹn. Mo kéré, àmọ́ mo mọ PR bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi. A ò ra àga tuntun, torí PR. A ò gbọdọ̀ bá àwọn ará òkè jà bí wọ́n tilẹ̀ ń fi bàtà gbá òrùlé wa, torí PR. Tí Ìyá Àgbà bá ń ṣàdúà lẹ́yìn ìrun, láàárín Lárúbáwá, màá gbọ́ "PR" ketekete. Ọ̀gá tí Bàámi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ́ Dale, ọkùnrin ẹni ọgọ́ta ọdún, onírùngbọ̀n funfun, ọwọ́ rẹ̀ tóbi bíi ṣọ́bìrì. Dale lásán ni gbogbo wọn ń pè é níbi iṣẹ́. Bàámi nìkan ló ń pè é ní Mr. Dale, tí wọ́n bá sì dé ilé, wọ́n á ní, "Àgbàlagbà yẹn ní kí n tètè dé lọ́la. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn." Èmi ò ní pè é ní "wọ́n" ní tèmi. Ó tì o.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí ọmọdé ò gbọdọ̀ sọ sí àgbà nínú ilé wa. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo tọ́jú ṣokoléètì kan sínú fíríìjì, mo ti school dé, mi ò bá a. Mo bi Ìyá Àgbà, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Ẹ̀rí rèé létè wọn! Mo ní, "Ìyá Àgbà, irọ́ lẹ̀ ń pa!" Háà! Wọ́n lọgun bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lẹ́sẹ̀. Màámi tó ti shift dé jí lójú oorun. Bàámi ní kí n kúnlẹ̀. Ìyá Àgbà fúnra wọn ló wá là mí lọ́yẹ̀, ṣokoléètì náà ṣì wà létè: "A kì í sọ fún àgbà pé ó parọ́. Àgbà kì í parọ́, ìgbàgbé ló ń ṣe é. Wàá ní, bóyá ẹ gbàgbé ni." Mo ní, "Ìyá Àgbà, bóyá ẹ gbàgbé ni." Wọ́n ní, "Ó ṣeé ṣe. Dìde, ọkọ mi." Wọ́n fà mí mọ́ra, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn, bóyá ní tiyín náà. Ọmọ tó kúnlẹ̀ kì í ṣàdédé dìde. Ẹni tó kúnlẹ̀ fún ló máa ní kó dìde, tó bá sì ti sọ ọ́, ẹjọ́ tán, kò sẹ́ni tó tún gbọdọ̀ mẹ́nu bà á.

Ìgbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ ni Bàámi rí ibi tí kò dáa. Píkọ́ọ̀pù kan wà tó ní ẹsẹ̀ irin tí wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ kó lè rìn lórí irin, òun ni wọ́n fi ń yẹ ojú ọ̀nà wò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbàtà kan, níbi tí ojú irin ti yí, àwọn pákó tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ irin ti jẹrà. Nídìí oúnjẹ, Bàámi ti ṣíbí bọ mọ́ínmọ́ín kí n lè rí i: "Bí ìṣó ṣe ń wọ inú ẹ̀ rèé. Kò sí ohun tó dì í mú." Wọ́n ní ilẹ̀ tó ti dì gbagidi ló ń gbé irin yẹn dúró, tí òtútù bá lọ tí ilẹ̀ rọ̀, ibẹ̀ á lọ. Ìwé àyẹ̀wò kan wà tó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sí. Tí wọ́n bá ti kọ ọ́ síbẹ̀, dandan ni kí wọ́n pa slow order, àṣẹ pé kí reluwé máa fà bí ìgbín níbẹ̀ títí wọ́n á fi pààrọ̀ pákó. Àmọ́ Bàámi ní kò yẹ kí àwọn kọ nǹkan sílẹ̀ lórí iṣẹ́ àgbà láì kọ́kọ́ fi tó o létí. Iṣu ni wọ́n ń bó lọ́wọ́, èmi ni mo pe Dale fún wọn, mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo tẹ speaker. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Bàámi ní pákó ẹ̀gbẹ́ àbàtà ti jẹrà, àwọn fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Dale ní, "Don't write it up yet." Ó ní tí wọ́n bá kọ ọ́, àwọn ò ní máa tètè dé ìkóríta mọ́, reluwé ńlá kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni, ọkà àwọn àgbẹ̀ á sùn sílẹ̀. Ó ní kí Bàámi fi sílẹ̀ fún òun, òun fúnra òun á pàṣẹ náà kí snow tó yọ́. "You have my word," ló sọ. Bàámi fi ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n tẹrí ba fún fóònù, wọ́n ní, "Thank you, sir."

Màámi tó ń wọ bàtà shift ní, "Bàbá Ráfátù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Ìyá Àgbà bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, a sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá bàbá rẹ dọ́gba fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọ pé òun á ṣe é, o tún fẹ́ lọ kọ ọ́ sínú ìwé? Ẹjọ́ lo fẹ́ pè é ni?" Bàámi mú ọ̀bẹ wọn, wọ́n bó iṣu lọ. Mo ti dá Ìyá Àgbà lẹ́bi fún ọ̀rọ̀ yẹn nígbà kan, mo sì ti dá Bàámi náà lẹ́bi. Mi ò dá wọn lẹ́bi mọ́. Ibi tí wọ́n ti wá, tí àgbà bá ti sọ pé fi sílẹ̀ fún mi, ó ti fi orúkọ ara rẹ̀ dúró.

Snow yọ́. Kò sí slow order. Bàámi tún rán Dale létí, ó ní òun ti gbọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, reluwé gbé àlìkámà débẹ̀ pẹ̀lú eré tó máa ń sá, wágọ́ọ̀nù mẹ́ta sì dojú dé sínú àbàtà. Kò sẹ́ni tó fara pa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bàámi ní àlìkámà náà ga bí òkìtì, àwọn pẹ́pẹ́yẹ inú igbó ń jẹ ẹ́, àwọn àgbẹ̀ dúró sójú ọ̀nà, wọ́n ń wò ó. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàámi ò gbá páìpù kankan.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n wá sílé wa, Dale àti obìnrin kan láti ọ́fíìsì tí wọ́n ní kó wádìí ọ̀rọ̀. Obìnrin náà ní òun fẹ́ kí àwọn jọ sọ ọ́ ní ìtùnbí-ìnùbí kí òun tó kọ ìwé òun. Ìyá Àgbà ti jí láti ìdájí, wọ́n lọ ẹ̀wà, wọ́n se mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin, àlejò ń bọ̀. Màámi wà níbi iṣẹ́, ẹ bá mi rántí ìyẹn, torí ká ní wọ́n wà nílé ni. Obìnrin náà mú bírò, ó bi Bàámi bóyá wọ́n mọ̀ pé pákó ibẹ̀ ti jẹrà. Bàámi ní àwọn mọ̀, àwọn sì sọ fún Mr. Dale. Ó yíjú sí Dale. Dale, tí abọ́ mọ́ínmọ́ín wà lórí itan rẹ̀, ní, "He never told me anything." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé oòrùn ràn. Obìnrin náà tún yíjú sí Bàámi: ṣé ohun tí ẹ̀ ń sọ ni pé Dale ń parọ́? Mo ń wo ẹnu Bàámi. Mo ń sọ ọ́ nínú mi pé, Bàámi, ẹ sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́. Bàámi wo ilẹ̀. Wọ́n ní, "No, ma. Mr. Dale is my elder. I cannot say that one. Maybe he forgot." Obìnrin yẹn sì kọ ọ́ sílẹ̀! Mo rí i tó ń kọ ọ́. Ohun tí wọ́n fi bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yẹn, òun ló kọ sílẹ̀ bí ẹni tó jẹ́wọ́. Dale sì mọ̀. Ojú rẹ̀ sọ fún mi pé ó mọ̀. Ó gbé ṣíbí sẹ́nu.

Mo dìde láti ibi tí mo jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ furnace, mo pariwo, "You're lying! I heard you on the phone! You're a liar!" Ìyá Àgbà ò gbọ́ Òyìnbó púpọ̀, àmọ́ wọ́n gbọ́ "liar", torí èmi ni mo kọ́ wọn. "Ráfátù!" Bàámi ti dìde, ojú wọn ti yí padà, kì í ṣe ìbínú ló wà níbẹ̀, ẹ̀rù ni, èmi ò tètè mọ̀. Wọ́n ní, "Kúnlẹ̀. Kúnlẹ̀ kó o bẹ Mr. Dale." Mo wò wọ́n. Wọ́n tún sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀ síwájú bàtà Dale, mo ní, "I'm sorry, sir." Mo bẹ ẹni tó parọ́ mọ́ bàbá mi. Ó ní, "That's okay, kid," ó sì yíjú padà. Kò sọ fún mi pé kí n dìde. Ibo ló ti fẹ́ mọ̀ pé òun ló yẹ kó sọ ọ́? Bàámi ò lè gbà á sọ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Àgbà ń wo Dale, wọ́n ń retí. Mo wà níbẹ̀. Ó jẹ mọ́ínmọ́ín yẹn tán, ó gba òmíràn, ó yin Ìyá Àgbà pé ó dùn, òun àti obìnrin náà sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n wọ bàtà, wọ́n gun àtẹ̀gùn lọ. Èmi fúnra mi ni mo dìde, nígbà tí mo gbọ́ tí mọ́tò wọn lọ. Kò sẹ́ni tó wo ẹnìkejì lójú.

Lẹ́tà dé, iṣẹ́ lọ, PR sì bá a lọ. Màámi sunkún, wọ́n ní, "Mo ní kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," wọn ò sì tún sọ ọ́ mọ́ láyé wọn. Ìyá Àgbà wá bá mi lórí ibùsùn, wọ́n ní, "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a." Ogún ọdún! Ta ló ní ogún ọdún nílẹ̀? Ìyá Àgbà alára ò ní in. Ìwé àbẹ̀wò wọn parí, wọ́n padà sí Òṣogbo, wọn ò sì lè padà wá bá wa mọ́. Nígbà tí wọ́n kú, a ṣì ń to ìwé tuntun. Tí Bàámi bá jáde ní Kánádà, wọn ò ní lè wọlé mọ́. Orí fóònù ni wọ́n ti wo bí wọ́n ṣe ń sin ìyá wọn, nídìí ìgbálẹ̀ ní downtown, nínú àwọn afárá onígíláàsì Plus 15 níbi tí wọ́n ti ń fọ ilẹ̀ fún àwọn tó ń kọjá lọ sí ọ́fíìsì. Ẹni tó lè fetí mọ irin tó sán! PR dé nígbẹ̀yìn. A ṣe àlùbáríkà. Bàámi ò bá Dale wí rí. Tí mo bá dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á ní, "Ráfátù, bóyá wọ́n gbàgbé ni," inú á sì bí mi débi pé màá kúrò ní yàrá.

Summer tó kọjá, Bàámi ní kí n wa àwọn lọ sí ojú irin àtijọ́ yẹn. Mi ò bèèrè ìdí. Ọmọbìnrin mi jókòó sẹ́yìn, ó ń bi wọ́n, "Grandpa, where's the train?" Kò sí train. Reluwé kékeré náà ti kú, wọ́n ti tú irin rẹ̀ tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, òkúta wẹ́wẹ́ ló kù àti koríko. A fi ọmọ sílẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú tablet rẹ̀, a rìn dé ẹ̀gbẹ́ àbàtà. Àwọn tó tú irin ti kó pákó jọ síbẹ̀, wọn ò rí ẹni tó fẹ́ ẹ. Bàámi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nira fún wọn, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ ilé jáde lápò, wọ́n tì í bọ inú pákó kan. Ó wọlé wọ̀ọ̀, títí dé ọrùn, bí ṣíbí ṣe wọ mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n tì í bọ òmíràn. Ó wọlé. Wọ́n dúró. Mo rí i pé okùn bàtà wọn ti tú, ẹ̀yìn wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n lè so ó, mo bá kúnlẹ̀ sínú koríko, mo ń so ó.

Wọ́n ní, "Mo sọ fún un."

Mo ní, "Mo mọ̀, Bàámi."

Wọ́n ní, "Ó parọ́."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn sí ẹni tó jù wọ́n lọ. Ìbínú mi ò sì jẹ́ kí n gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní, "Bàámi, bóyá wọ́n gbàgbé ni."

"Kò gbàgbé. Ó parọ́ mọ́ mi nínú ilé mi, oúnjẹ ìyá mi wà lẹ́nu rẹ̀. Ìwọ nìkan lo sọ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo ní kó o kúnlẹ̀."

Mo ti so okùn bàtà náà tán. Mi ò gbé orí sókè, mi ò fẹ́ kí wọ́n rí ojú mi. Ọwọ́ wọn bà lé orí mi, ó wúwo, ó gbóná.

"Ráfátù," ni wọ́n wí, "dìde."